Erékùṣù Orí Tábìlì Mi

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹwàá 2025

Mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Stephanie ọmọ mi lónìí, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà lọ́la. Bí mo bá yè lórí erékùṣù inú géèmù Jayé yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, tí ẹnì kankan kò ràn mí lọ́wọ́, tí n kò sì rú òfin kankan, kí Oṣù Kọkànlá tó parí, ọ̀rọ̀ pé kí n kó lọ sí Ogudu ti tán nìyẹn. Bí n kò bá yè, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Jayé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí fóònù láti Manchester, ó gbọ́ tẹnu àwa méjèèjì. Òun náà ló ra géèmù ọ̀hún ránṣẹ́, torí dókítà ní kí n máa ṣe ohun tó ń gba ìrònú.

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Mo ní, "Stephanie, ṣé o gbà àbí o ò gbà?"

"Mummy, game lásán ni now."

"Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, ma."

Gbogbo èyí nítorí ìkòkò ẹ̀wà kan! Mo gbé ẹ̀wà kaná lọ́jọ́ kan nínú Oṣù Kẹsàn-án, mo tilẹ̀kùn, mo lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Modinat tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé mi ló já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé nígbà tí èéfín ń gba ojú fèrèsé jáde. Ilé ìdáná dúdú kanlẹ̀. A tún un kùn, ó sì wá mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Modinat ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Stephanie ò rẹ́rìn-ín.

Látìgbà náà ni òun àti Kelvin ọkọ rẹ̀ ti tún yàrá kan ṣe fún mi nínú ẹ́séètì wọn ní Ogudu. Wọ́n kùn ún ní píǹkì. Èmi, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, nínú yàrá píǹkì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka oògùn fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn ìjọba, n kò ka ẹyọ kan lé, n kò ka ẹyọ kan dín. Wọ́n á rí mi ná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹwàá

Mo ka ìwé òfin géèmù náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi bírò pupa fa ìlà sí i. Ọkọ̀ rì, èmi nìkan ni mo gúnlẹ̀ sí erékùṣù. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan màá sún àmì ọjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan, màá ṣí káàdì ojú ọjọ́ kan, màá wá ṣe iṣẹ́ méjì: kí n pẹja, kí n ṣẹ́gi, tàbí kí n tún àgọ́ ṣe nítorí ìjì. Dáìsì ló ń sọ bóyá iṣẹ́ náà yọrí. Bí ilẹ̀ bá ṣú níbẹ̀, màá jẹ ẹja kan, màá fi igi kan dáná. Bí ẹja ò bá sí, ẹ̀mí kan lọ. Bí igi ò bá sí, ẹ̀mí kan lọ. Ẹ̀mí márùn-ún péré àti igi márùn-ún ni wọ́n fún mi. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ọkọ̀ mìíràn á wá gbé mi.

Mo kú ní ọjọ́ kọkànlá. Òjò mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, igi mi sì ti tán. Lóde náà òjò ń rọ̀, omi ti kún ojú ọ̀nà Ikosi, mo ń gbọ́ bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń bú ara wọn. Mo sọ fún ara mi pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Oṣù Kẹwàá

Káàdì kan wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ràn. Wọ́n ya ọkùnrin kan tó rù kan eegun, ó dúró létí iná, ó ń wo oúnjẹ. Àlejò lorúkọ rẹ̀, mẹ́ta irú ẹ̀ ló sì wà láàárín àwọn káàdì ojú ọjọ́ náà. Òfin ní kí n lé e lọ, kí nǹkan kan má ṣe mí. Tàbí kí n gbà á, kí n máa fún un lẹ́ja kan lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n wá ju dáìsì nígbà tó bá ń lọ: bó bá já sí mẹ́fà, á fi nǹkan sílẹ̀ fún mi. Bí kò bá já sí mẹ́fà, ó dàbọ̀.

Mo gbà á. Kí ni kí n ti ṣe? N kò lè máa jẹun lójú ẹni tébi ń pa, wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ìyá mi lè máa jẹ ẹ̀kọ ẹyọ kan ṣoṣo lọ́wọ́, bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá dún lẹ́nu ọ̀nà, á ní "ẹ wá jẹun," tọkàntọkàn ló sì fi ń sọ ọ́.

Modinat ti Mile 12 dé, òórùn àlùbọ́sà tó ń tà ṣáájú rẹ̀ wọlé bí ìgbà gbogbo. Ó jókòó tì mí, ó na ẹsẹ̀.

"Mummy, ta lẹ ń gbé ẹja yẹn fún?"

"Àlejò ni."

"Ẹja yín ku mélòó?"

"Méjì."

"Haa! Ẹ lé e jàre. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nì kan ò ní. Ṣebí òkun ló yí i ká yẹn, kó lọ pa tiẹ̀!"

Mo ní kó dákẹ́, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ràn mí lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì tún ń sọ̀rọ̀ láàárín ìka. Àlejò lọ, dáìsì já sí méjì, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Mo kú ní ọjọ́ kẹtàdínlógún.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ kẹrìnlá. Dáìsì burúkú. Páìntì tòmátì tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ mú iyọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù láàárọ̀ yìí, mo bá àpò iyọ̀ mẹ́ta tí n kò tíì ṣí. Mẹ́ta. Mo dúró síwájú wọn. Mo rántí pé mo ra ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn méjì tó kù, n kò rántí wọn rárá, bí ẹni pé ẹlòmíì ló gbé wọn wọlé.

Ẹ̀rù bà mí. Mo kọ ọ́ síbi yìí torí n kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ikú ni mo ń bẹ̀rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí n máa rìn kiri inú ilé mi, kí n máa ṣe nǹkan, kí n má sì sí níbẹ̀.

Mo fún Modinat ní méjì nínú iyọ̀ náà kí Stephanie má baà rí wọn. N kò ta géèmù lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá

Stephanie wá. Kó tó jókòó, ó ti ṣí fìríìjì, ó ti gbóòórùn ọbẹ̀, ó ti lọ wo ẹnu gáàsì. Mo ń wò ó bí ẹni ń wo ọlọ́pàá.

"Mummy, ìgbà wo lẹ se ọbẹ̀ yìí?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní bí mo bá tọ́jú òun tí òun fi di obìnrin, ọbẹ̀ ò lè ṣòro fún mi láti tọ́jú. Mo rò pé á bínú. Kò bínú. Ó jókòó sórí àpótí ilé ìdáná, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó rọra ń sọ̀rọ̀.

"Mummy, tí fóònù yín bá ń dún tẹ́ ẹ ò gbé e, mi ò lè ṣiṣẹ́ kankan mọ́. Ní office, màá kàn jókòó, màá máa wo wall. Àwọn èèyàn á máa bá mi sọ̀rọ̀, mi ò ní gbọ́. Ẹ̀yin ò mọ̀ bó ṣe ń ṣe mí."

Mo mọ̀ bó ṣe ń ṣe é. Èmi náà wo ògiri bẹ́ẹ̀ nígbà tí ibà fẹ́ẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà fún un lórí ẹyọ kan, gbogbo rẹ̀ ni màá gbà, ibi tí mo sì ti ń ṣe agídí nìyẹn.

Nígbà tó ń lọ, ó bèèrè ibi tí mo bá géèmù dé. Mo ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ó ní, "Ẹ ṣe dáadáa, ma," bí ẹni ń yin ọmọ jẹ́léósinmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ kẹrìnlélógún! Mo ti rí àṣírí rẹ̀ díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àgọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ tún ṣe, torí bí èèyàn bá dé ibi tuntun, ilé ló ń wá. Irọ́ ni. Ẹja ni kí n kọ́kọ́ kó jọ, ẹja nìkan fún ọjọ́ márùn-ún, kí n tó ronú nípa òrùlé. Bí Àlejò bá wá dé, á bá nǹkan nílẹ̀.

Àlejò méjì ló dé lónìí. Mo gba àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì sì jẹun lọ láìwẹ̀yìn.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kọkànlá

Kò síná láti àná. Ooru.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kọkànlá

Lónìí mo lé Àlejò lọ.

Mo ti ro ó láti òwúrọ̀ pé bí mo bá tún rí i, màá lé e, pé bébà ni, kì í ṣe ènìyàn. Ó yọ ní ọjọ́ kẹjọ. Mo mú káàdì náà, mo dà á dojú bolẹ̀, mo tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Modinat pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀hẹ́n! Ọjà yẹn la wà yìí!" Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fẹ́ jẹ ẹja kan, ojú mi á lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo tì í sí.

Mo ní ẹja tó pọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ. Àìsí iná ló pa mí. Ìjì gbé igi mi lọ, àgọ́ wó, mo kú ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n pẹ̀lú ẹja mẹ́rin tí n kò jẹ nílẹ̀. Mo wo àwọn ẹja náà pẹ́. Mo sọ fún Modinat pé n kò ní í lé ẹnikẹ́ni mọ́. Bí mo bá máa kú, kí n kú pẹ̀lú ìwà mi.

"Mummy, géèmù ni o," Modinat wí.

"Mo mọ̀."

Ó wò mí. Ó ní òun ò rò pé mo mọ̀.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ kejìlélógún. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù.

Modinat bá mi jẹ iṣu àti ẹyin. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kano, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń jẹun lálẹ́, tàbí kí n sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi ń jẹun, torí òun ló ń ru oúnjẹ bọ̀ láti ọjà. Ó wá ní, "Mummy, bẹ́ ẹ bá lọ sí Ogudu, wọ́n á jẹ́ kí n wọlé?"

"Kí ló dé tí wọn ò ní jẹ́ kí o wọlé?"

"Mo gbé ọjà lọ fún customer níbẹ̀ lọ́jọ́sí. Security kọ orúkọ mi sílẹ̀, ó pe fóònù, ó ní kí n dúró sínú oòrùn. Ó tó wákàtí kan, wàláì."

Mo ní tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ. Ibí yìí, ọmọ tí kò mọ̀ mí rí á kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà, á ní "ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mummy Jayé." Bàbá Jayé ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé. Mo fẹ́ràn ilé yìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé bi pé inú máa ń bí mi sí Stephanie, inú á sì tún bí mi sí ara mi pé mo bínú sí ọmọ tó fẹ́ràn mi.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ó ku ọjọ́ kan!

Ẹ̀mí kan ló kù fún mi, igi kan, ẹja ò sí. Mo ní iṣẹ́ méjì, mo fi méjèèjì pẹja. Mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà, èyíkéyìí nínú wọn, mo yè. Mo ju dáìsì, ó já sí méjì. Mo dìde, mo rìn yí tábìlì ká, mo gbàdúrà, ẹ̀rín ń pa mí pé mo ń gbàdúrà sí ẹja bébà. Mo tún jù ú. Ó yí lọ sábẹ́ àga. Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi dún kọ̀, mo nawọ́ fìtílà sí i lábẹ́ àga.

Mẹ́ta.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Ó ti pẹ́ tí mo sunkún bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dìde, mo pe Jayé, mo ní mo dé ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ó ní, "Mummy! Èmi gan-an ò ju twenty lọ rí!" Inú mi dùn sí ìyẹn. Ọmọ yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kọkànlá

Mo ta á lẹ́ẹ̀mejì lónìí, ohun tí kò yẹ kí àgbàlagbà bíi tèmi ṣe. Ọjọ́ kọkàndínlógún, ọjọ́ kẹtàlá. Orí ń fọ́ mi, mo fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ti lọ sókè: 168. Mo gbé gbogbo ẹ̀ pamọ́, mo fi aṣọ bò ó. Láàárín ilé kan náà, àwa méjèèjì ò sọ̀rọ̀ síra wa, èmi àti erékùṣù.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ètè mi ti là. Stephanie pè, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, torí ọjọ́ náà ni àdéhùn wa parí.

"Kelvin ti ra carton mẹ́wàá, Mummy. In case."

"In case kí ni?"

Mo ní kó má gbé carton kankan wọ ilé mi. Mo ní ìgbà tí mo bá kú lórí erékùṣù ni kí wọ́n tó máa pín ẹrù mi. Mo pa fóònù. Lẹ́yìn náà mo kábàámọ̀ ohùn tí mo fi bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò pè é padà.

N kò ní í ta géèmù lónìí tàbí lọ́la. Màá sinmi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kọkànlá

Mo máa kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo tètè lọ sí ìsìn àkọ́kọ́, mo tètè dé, mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, mo mu omi, mo lo oògùn mi. Agogo méjìlá ku díẹ̀ ni mo ṣí pátákó náà sórí tábìlì. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má wá. Ẹja ni mo kọ́kọ́ kó, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ọjọ́ márùn-ún, mo pa ẹja mẹ́jọ.

Àlejò yọ ní ọjọ́ kẹfà. Mo ní, "Ẹ wá jẹun." Mo sọ ọ́ síta pẹ̀lú ohùn. Ó jẹ ẹja mẹ́ta, ó lọ, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Àlejò kejì yọ ní ọjọ́ kẹrìnlá, ẹja mẹ́rin péré ló kù nílẹ̀ nígbà náà, òjò sì ń bọ̀. Mo wo ẹja náà, mo wo Àlejò. Mo gbà á. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún tó ń lọ, mo ju dáìsì láìwò ó. Nígbà tí mo wò ó, mẹ́fà ni.

Mo pariwo! Àwọ̀n ló fi sílẹ̀ fún mi. Pẹ̀lú àwọ̀n, ẹja méjì ni wàá pa lẹ́ẹ̀kan dípò ẹyọ kan. Bí mo bá lé e ni, n kò ní í rí àwọ̀n náà láé. Mo fẹ́ kí Modinat wà níbẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Láti ibẹ̀ lọ, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sún àmì sí ọjọ́ kọkànlélógún nígbà tí ilẹ̀kùn dún, Stephanie sì wọlé. Oòrùn ti pa á, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo dìde. Mo bu omi tútù fún un, mo gbé àga fún un, mo bèèrè Kelvin, mo bèèrè àwọn ọmọ, mo ní ṣé ó ti jẹun. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n lọ jókòó sídìí géèmù mi. Mo jókòó, mo sún àmì, mo ṣí káàdì: oòrùn. Mo pa ẹja méjì.

Ó mu omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Modinat wọlé nígbà tó kírun tán. Mo pe Jayé kó máa wò ó lórí fóònù. N kò mọ̀ mọ́ pé èrò wà nínú yàrá.

Ìjì dé ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ó fa àwọ̀n mi ya, ó gbé igi méjì lọ. Ẹ̀mí mẹ́ta, ẹja mẹ́ta, igi méjì. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, n kò rí nǹkan kan pa. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, n kò rí nǹkan kan pa. Igi tán. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, mo ju dáìsì fún igi, ọ̀kan ni. Mo tún jù ú, ọ̀kan ni. Modinat ń sọ "Yà Allah, Yà Allah" lábẹ́ ohùn. Mo jẹ ẹja tó gbẹ̀yìn. Igi ò sí, ẹ̀mí kan lọ, ó ku méjì.

Ọgbọ̀n ọjọ́. Àárọ̀ ni ọkọ̀ máa dé bí ojú ọjọ́ ò bá burú. Bó bá jẹ́ ìjì, tí n kò lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́, láìsí ẹja, láìsí igi, ẹ̀mí méjèèjì á sì lọ. Mo gbé ọwọ́ lé káàdì náà, n kò lè ṣí i. Stephanie ló ní, "Mummy, ẹ ṣí i."

Kùrukùru. Kì í ṣe ìjì. Ọkọ̀ dé.

Modinat gbé mi dìde kúrò lórí àga. Jayé ń ké nínú fóònù bí ẹni tí wọ́n gba góòlù wọlé fún. Mo jó, èmi tí orúnkún ń dùn. Stephanie dì mọ́ mi pẹ́, ó gbé ojú rẹ̀ sí èjìká mi, n kò rí ojú náà. Ó ní, "Mo ti gbà, Mummy. Mi ò ní sọ ọ́ mọ́." Ó sì lọ sílé rẹ̀.

Mo yè. Ilé mi ni mo wà.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kejìlá

Mo jí, inú mi dùn, mo po tíì, mo jókòó láti kó géèmù padà sínú àpótí rẹ̀. Àwọn káàdì ojú ọjọ́ tí mo ṣí lánàá, ẹyọ kan fún ọjọ́ kan. Mo kà wọ́n bí mo ṣe máa ń ka oògùn, márùn-ún márùn-ún.

Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Mo tún wọn kà. Mo wo abẹ́ tábìlì, abẹ́ àga, inú àpótí, àárín ìwé òfin. Mo ka àwọn tí n kò ṣí. Mẹ́rìndínlógójì ni gbogbo káàdì náà lápapọ̀. Ó yẹ kó ku mẹ́fà. Méje ló kù.

Mo jókòó, mo padà sí ọjọ́ náà nínú orí mi, mo sì ka ohun tí mo kọ sókè yìí. Mo ti sún àmì sí ọjọ́ kọkànlélógún kí Stephanie tó wọlé. Nígbà tí mo bu omi fún un tán, mo tún sún un. N kò gbé ọjọ́ kọkànlélógún. N kò ṣí káàdì rẹ̀, n kò jẹ ẹja rẹ̀, n kò dá iná rẹ̀. Mo fò ó.

Tíì náà tutù. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo lè sọ pé omi ni. Àlejò wọlé, mo dìde bu omi, ta ni kò ní í gbàgbé ibi tó wà? Ẹni tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi, kò lè jókòó máa ta géèmù kí àlejò máa wò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìkòkò ẹ̀wà, ta ni mo bu omi fún lọ́jọ́ yẹn? Iyọ̀ mẹ́ta, àlejò wo ló wọlé?

Kò sí ẹni tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí, Stephanie ti gbà, Jayé jẹ́rìí. Bí mo bá da káàdì náà pọ̀ mọ́ ara wọn báyìí, ó tán. Mo dà wọ́n pọ̀. Mo pa àpótí dé. Mo gbá ilẹ̀, mo bomi sí òdòdó, mo jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Agogo méjìlá kọjá, ó di ọ̀kan. N kò lè jẹun. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, ní ilé ìwòsàn, ohun tí oògùn ẹyọ kan tí wọ́n kà dín ń ṣe fún èèyàn. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Mo pe Stephanie níbi iṣẹ́ rẹ̀.

"Stephanie, káàdì jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

Mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

"Mo sún àmì lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo bu omi fún ẹ. Mo fo odidi ọjọ́ kan."

"Mo rí i, Mummy."

"O rí kí ni?"

"Mo rí i nígbà tẹ́ ẹ ṣe é. Cup ṣì wà lọ́wọ́ mi."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀? Ṣebí ohun tí o ń wá nìyẹn. Ṣebí o ti ra carton."

Mo gbọ́ tó dìde, tó tilẹ̀kùn office rẹ̀.

"Ẹ̀yin ò rí ojú yín," ó ní. "Látìgbà tí Daddy ti kú, mi ò rí yín bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà fẹ́ kẹ́ ẹ yè."

Ó ní kí n má wulẹ̀ ro ó mọ́, pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, pé àdéhùn ṣì ni àdéhùn, kí n jókòó sílé mi. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Kò sí ẹni tó ń lé mi mọ́, ìgbà yẹn ni mo tó lè wo ìgbàgbé mi bó ṣe rí gan-an.

Mo ní kó wá mú mi lọ́jọ́ Sátidé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní kó nu ojú rẹ̀ kí wọ́n má baà rí i ní office, kó sì sọ fún Kelvin kó má wulẹ̀ ra bẹ́ẹ̀dì, tèmi ni mo máa gbé bọ̀.